Ta Ni Kò Tíì Dáhùn?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn apẹja, awakọ̀ ojú omi àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Àgbádárìgì, lórí ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn lójú agbami òkun

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ wa ọkọ̀ sọdá láti erékùṣù Gberefu, ẹ kú ewu omi. Ẹni méjì péré ni mo rí tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi nínú yín nígbà tí ẹ ń gúnlẹ̀. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Ọmọ ibí ni mí. Ilé bàbá mi kò jìnnà sí etí ọ̀sà, mo sì ti mọ omi í wẹ̀ kí n tó mọ ìwé é kà. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ojú omi ni mo kọ́: wáyà, bátìrì, ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ yìí ló gbé mi dé Las Palmas, ní erékùṣù Kánárì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti jẹun rí. Èbúté ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́dọọdún, bí oṣù kọkànlá bá ti dé, ọkọ̀ onígbòkun á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Las Palmas láti ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn tó wà nínú wọn kì í ṣe ọmọ ogun, wọn kì í sì í ṣe oníṣòwò. Ìdílé ni wọ́n, tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó da owó pọ̀. Gbogbo wọn fẹ́ sọdá Àtìláńtíìkì lọ sí Kàríbíà, wọn ò sì fẹ́ dá a lọ. Awakọ̀ onígbòkun kan, Jimmy Cornell, ló kọ́kọ́ kó irú wọn jọ ní 1986: ọkọ̀ 204 láti orílẹ̀-èdè 24 ni wọ́n jọ ṣíkọ̀ ní Las Palmas, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Barbados. ARC, ìyẹn Atlantic Rally for Cruisers, ni wọ́n ń pe ìrìn àjò náà títí dòní. Saint Lucia ló ń parí sí báyìí, ó sì jìn tó máìlì òkun 2,700. Máìlì òkun kan ju máìlì orí ilẹ̀ lọ, mítà 1,852 ni. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ ó rí kìlómítà 5,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kéèyàn wakọ̀ láti Èkó lọ sí Kánò lẹ́ẹ̀marùn-ún, láìsí ilé epo kan lójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ tí mo bá lọ jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀. Mo tún wáyà ọkọ̀ wọn ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí mo parí, bàbá náà ní, “Ìwọ lo mọ inú ọkọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ, ṣé o ò ní bá wa lọ ni?” Ohun tó gbé mi dé ojú agbami nìyẹn.

Irú ọkọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní kàtàmaráànì. Ọ̀rọ̀ àwọn Tamil ni, ní gúúsù Íńdíà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igi tí a so pọ̀. Èmi ń pè é ní ọkọ̀ ìbejì. Ikùn ọkọ̀ méjì ni, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì fi pẹpẹ fífẹ̀ so wọ́n pọ̀ lókè. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti so ọkọ̀ méjì pọ̀ rí kẹ́ẹ lè gbé ẹrù tó wúwo ti mọ ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Tiwa gùn tó mítà 13, ó sì fẹ̀ tó mítà 7. Nítorí fífẹ̀ yẹn, kì í fì. O lè gbé ife tíì sórí tábìlì láàárín Àtìláńtíìkì, kó má dànù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì jìn sínú omi, mítà kan àti díẹ̀ ni. Mo máa ń rò ó pé irú rẹ̀ lè wọ ọ̀sà wa yìí dé ibi púpọ̀ tí ọkọ̀ oníkùn kan tí gígùn wọn dọ́gba kò ní lè dé.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Polynesia ti ń fi ọkọ̀ ìbejì la òkun Pàsífíìkì kọjá kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń jiyàn pé bóyá ìjì ló kàn gbé wọn kiri, wọ́n kan ọkọ̀ kan ní Hawaii tí wọ́n sọ ní Hōkūleʻa. Ní 1976, bàbá kan láti erékùṣù Satawal, Mau Piailug, tọ́ ọkọ̀ náà láti Hawaii dé Tahiti láìlo kọ́ńpáàsì, láìwo máàpù. Ìràwọ̀ ló wò, ìgbì ló wò, ẹyẹ ló wò. Inú mi máa ń dùn gan-an bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé bàbá bàbá mi náà máa ń mọ ibi tí a wà lórí ọ̀sà lóru nípa bí omi ṣe ń gbá ikùn ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìbejì ní ewu tirẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọkọ̀ oníkùn kan ní irin tàbí òjé tó wúwo lábẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, fífì yẹn sì ni ìkìlọ̀. Bí ìgbì bá dà á dé, òjé yẹn lè fà á dìde. Ọkọ̀ ìbejì kì í kìlọ̀ báyẹn. Á dúró gbọnyin, á máa sáré, ọkàn rẹ á balẹ̀, títí òpó á fi kán tàbí tí ọkọ̀ á fi dojúdé. Bó bá sì dojúdé lójú agbami, kò ní yí padà fúnra rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nọ́ńbà là ń wò, a kì í wo bó ṣe rí lára wa. Bí afẹ́fẹ́ bá dé nọ́ọ̀tì 20, ìyẹn máìlì òkun 20 ní wákàtí kan, a ó ká apá kan ìgbòkun ńlá kó lè kéré sí i. Bó bá sún mọ́ 25, a ó tún un ká. Bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, a ó dín ìgbòkun kù bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ rọ̀, torí ìjì òjò lè yọ lóru láìjẹ́ pé o rí i. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Orí ọkọ̀ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìlànà iṣẹ́ ni òwe yẹn.

Ẹrù náà ni ọ̀tá rẹ̀. Bí o bá kó ẹrù lé ọkọ̀ ìbejì jù, ikùn méjèèjì á rì wọlé, àlàfo tó wà láàárín omi àti pẹpẹ á kéré, ìgbì á wá máa lu abẹ́ ilẹ̀ tí o dúró lé bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán. Kí a tó ṣíkọ̀, bàbá náà wọn gbogbo nǹkan. Kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n fẹ́ máa gùn ní Saint Lucia, ó fi wọ́n sílẹ̀ ní Las Palmas. Omi mímu pàápàá, a kò kó púpọ̀, torí ẹ̀rọ kan wà tó ń fi agbára ti omi òkun gba inú asẹ́ tí iyọ̀ kò lè gbà kọjá. Iná ló ń lò, sóláà ló sì ń fún wa níná. Nítorí náà, bí bátìrì bá kú, omi mímu ti tán nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi mú mi dání nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti afẹ́fẹ́, torí ibẹ̀ ló ti kan Àgbádárìgì. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn lọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Àríwá-ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́, ó máa ń dúró ṣinṣin láti ìparí ọdún, nígbà tí àsìkò ìjì ńlá ilẹ̀ Kàríbíà bá ti kọjá. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ń gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, á gbé eruku dání, á sì dé ọ̀dọ̀ wa níbí bí ọyẹ́. Ọyẹ́ tó ń lá yín ní ètè ní oṣù Kejìlá àti afẹ́fẹ́ tó ń ti ọkọ̀ wa lẹ́yìn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Eruku Sàhárà kan náà ń sọdá òkun dé Kàríbíà.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í pẹ́ ní etíkun wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lù wá, omi òkun níbí sì ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń da àwọ̀n mọ ibi tí omi ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ onígbòkun tó ń yí ayé po fi ń yẹra fún wa: láti Gúúsù Áfíríkà, wọ́n á gba Saint Helena lọ sí Brazil. Ẹ̀rù àwọn ajalèlókun náà wà ńbẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín.

Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọkọ̀ ẹrú bá pàdé. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní etíkun wa kò lè forí lé ìwọ̀-oòrùn tààrà. Gúúsù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, ọ̀pọ̀ á yà ní São Tomé fún omi àti oúnjẹ, kí wọ́n tó rí afẹ́fẹ́ tó máa gbé wọn dé Brazil. Ẹ rò ó wò. Àwọn tó gba ojú ọ̀nà iyanrìn Gberefu kọjá, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi wà nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ní etí ilẹ̀ Áfíríkà síbẹ̀, kí ọkọ̀ náà tó yí orí padà.

Lóru ọjọ́ kẹwàá wa, èmi ni mo wà lẹ́nu ìṣọ́. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta la ń ṣọ́, ẹni kan ṣoṣo níta, pẹ̀lú okùn tó so ó mọ́ ọkọ̀. Òṣùpá kò sí. Mo ń wo ìràwọ̀ àríwá, èyí tí kì í kúrò lójú kan. Bó ṣe ga tó lójú ọ̀run ló ń sọ bí o ṣe jìn sí ìlà agbedeméjì ayé tó: ní Las Palmas, ó ga ní digíríì 28, ní Saint Lucia, 14, níbí, kò ju mẹ́fà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ara kan igi àgbọn. Alaalẹ́ là ń rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ń bọ̀ nílé. Mo wá ronú kan àwọn tó gba òkun yìí kọjá láìrí ìràwọ̀ kankan. Mo bu omi òkun sínú igbá kékeré kan tí mo mú ti ilé wá, mo dà á padà sínú òkun, mo sì sọ̀rọ̀ ní èdè tí màmá mi fi ń kí òkú. Mi ò ní sọ ohun tí mo sọ.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé òkun jẹ́ ibi tí èèyàn ń lọ tí kì í padà. Orúkọ ibi tó wà ní Gberefu, “Point of No Return,” ibi àìpadàbọ̀, náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ẹrú ní Èkó ní 1822, Àgbádárìgì yìí ló gbà wọlé padà ní 1845. Ní 1992, William Pinkney, ọmọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, parí ìrìn àjò tó fi òun nìkan wa ọkọ̀ onígbòkun yí ayé po, tó gba ìsàlẹ̀ gbogbo ìpẹ̀kun ilẹ̀ ńláńlá tó wà ní gúúsù ayé. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ ni. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú tàwọn tí kò padà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde nìyí.

Bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá jọ ṣíkọ̀, ẹ lè rò pé wọ́n á máa rí ara wọn. Rárá o. Ọjọ́ kìíní, òkun kún fún ìgbòkun bí ọjà. Ọjọ́ kẹta, a ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Òkun gbòòrò ju bí ọkàn ṣe lè rò ó lọ. Kí wá ni wọ́n fi ń sọ pé a jọ ń lọ? Rédíò ni. Lójoojúmọ́, ní ọ̀sán, ẹnì kan á pe orúkọ gbogbo ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ọmọ iléèwé. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sọ ibi tó wà, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, bí ara wọn ṣe le. Ìyá kan tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn ló ń pè wá. A kò rí ojú rẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ̀ bá ti jáde, gbogbo wa á dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejìlá, ó pe orúkọ ọkọ̀ kan, kò sí èsì. Ó tún un pè. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ó máa ń béèrè nígbà gbogbo kó tó parí: “Ta ni kò tíì dáhùn?” Lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fèsì, ó dárúkọ ọkọ̀ náà. Ó ní ká máa tẹ́tí sílẹ̀, òun á tún pè wọ́n nírọ̀lẹ́.

Nírọ̀lẹ́, wọn kò dáhùn.

Tọkọtaya àgbàlagbà ni, wọ́n wà nínú ọkọ̀ oníkùn kan. Àwọn tó ń bójú tó ìrìn àjò náà láti orí ilẹ̀ wo ibi tí wọ́n wà kẹ́yìn, wọ́n rí i pé àwa àti ọkọ̀ mìíràn kan la sún mọ́ wọn jù. Nǹkan bíi máìlì 38 ni, lẹ́yìn wa, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Bàbá tó ni ọkọ̀ wa kò bi ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó ká ìgbòkun, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó yí orí ọkọ̀ padà.

Fún ọjọ́ méjìlá ni afẹ́fẹ́ ti wà lẹ́yìn wa, tí ìgbì ń gbé wa lọ bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n. Ká tó yí padà tán, ọkọ̀ kan náà ti di nǹkan mìíràn. Gbogbo ìgbì ló ń gbá abẹ́ pẹpẹ. Àwo fọ́. Ìyá inú ọkọ̀ wa bì títí, síbẹ̀ kò fi rédíò sílẹ̀, ó ń pe orúkọ ọkọ̀ yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá òru lù, a gbọ́ ohùn kan, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Rédíò àfọwọ́mú ni wọ́n ń lò, èyí tí kì í gbọ́ ju máìlì díẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tó kú, ọkọ̀ kò sì jò. Iná ọkọ̀ wọn ló kú pátápátá láti àná. Rédíò ńlá kú. Iná tó ń fi ọkọ̀ hàn fún àwọn ọkọ̀ mìíràn kú. Ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kú, àwọn méjèèjì ló wá ń fi ọwọ́ tọ́ ọ láti ìgbà náà, wọn kò sì tíì sùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ké sí sátẹ́láìtì fún ìrànlọ́wọ́, wọn ò tẹ̀ ẹ́, torí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu ni wọ́n ṣe é fún. Mo gbọ́ bí bàbá yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kò parí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹni tí oorun ń pa báyẹn lè ṣubú sínú omi láìmọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré ní nọ́ọ̀tì méje á ti fi ẹni tó ṣubú sílẹ̀ ní mítà tó ju 200 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, lóru, nínú ìgbì tó ga ju orí èèyàn lọ.

A kò lè sún mọ́ wọn jù, ìgbì á gbá ọkọ̀ méjèèjì mọ́ra wọn. Ni wọ́n bá gbé rédíò fún mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣí àpótí bátìrì. Kí lẹ rí lórí rẹ̀?” Ó ní òun rí nǹkan aláwọ̀ ewé kan, ó hó bí ìfófòó. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Omi iyọ̀ ti jẹ irin tó so wáyà mọ́ bátìrì. Mo ní kó mú ọ̀bẹ, kó ha á títí á fi dán, kó sì dè é le. Ó gbà á tó wákàtí kan, torí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, a rí iná pupa kékeré kan tó tàn lórí òpó wọn, nínú òkùnkùn biribiri yẹn. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún lórí rédíò. Àwa náà sunkún.

A dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́ kí wọ́n lè sùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn ló kọ́kọ́ dáhùn. Ọjọ́ 19 la fi dé Saint Lucia.

Mo ti sọ fún yín pé mo máa padà sórí jákẹ́ẹ̀tì. Inú ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń jáde síta lóru láìwọ̀ ọ́, títí kan ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ fún ogójì ọdún. Kí a tó ṣíkọ̀, ẹnì kan wá tú gbogbo ẹrù ààbò wa sílẹ̀, ó wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní àṣẹ láti sọ pé a ò ní lọ. Níbí, bí ọkọ̀ bá kúrò ní èbúté ní ìrọ̀lẹ́, ta ló mọ iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀? Bí kò bá gúnlẹ̀ lódìkejì, ìgbà wo la máa mọ̀? Gbogbo wa la mọ ilé tí omi ti ṣe báyìí ní agbègbè yìí. Mo ní àbúrò kan tó lọ báyẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, olúkúlùkù rò pé ó sùn sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá ti pe orúkọ rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ọkọ̀ á ti jáde lọ wá a ní agogo mẹ́sàn-án.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò gba owó ìjọba. Ní oṣù tó kọjá, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ewé ọgọ́rin, mo fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ ọkọ̀, iye èèyàn, ibi tó ń lọ, àkókò tó yẹ kó dé, nọ́ńbà fóònù ẹnì kan lódìkejì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọkọ̀ méjì péré ló kọ orúkọ. Ní Sátidé tó kọjá, mọ́kànlá ni. Ní alẹ́ Sátidé yẹn, ọ̀kan pẹ́, a pè é, epo ló tán fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, wọ́n lọ fà á wá.

Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní èbúté ló ń tọ́jú ìwé náà. Títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa ń wà níbẹ̀. Mo ti fi okùn so bíírò mọ́ ọn.